Sedan Ford 1932: Ọkọ̀ Ìdílé tí Àwọn Ọ̀dọ́ Tú Palẹ̀, tí Àwọn Àgbà Tún Kó Jọ

Ní ibi ìpàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà lónìí, kì í pẹ́ tí ojú ènìyàn yóò fi bá ọkọ̀ kan tí ó dúró ṣánṣán bí àpótí, tí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú òwìwí. Ford ni, ọdún 1932 ni wọ́n sì ṣe é. Ẹni tí ó ni ín yóò fi ìdùnnú ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì fún àlejò, àlejò yóò sì rí i pé ẹ́ńjìnnì Chevrolet ni ó wà nísàlẹ̀. Jíà ọkọ̀ náà ń yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ ń dá a dúró bí ti ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé iṣẹ́. Tọkọtaya ni ó wà á dé, ọmọ tàbí ọmọọmọ wọn sì wà ní àga ẹ̀yìn.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní street rod. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1949 ni, tí ẹnì kan wá fi ẹ̀yà ara tuntun sí nínú kí ó lè máa rìn ní títì bí ọkọ̀ òde òní. Bàbá rẹ̀ ni hot rod, ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tún ṣe nítorí eré sísá. Ọmọ jọ bàbá lójú, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó fẹ́ràn Ford 1932 jù lọ kò ka sedan rẹ̀ sí. Roadster ni wọ́n ń wá, ìyẹn ọkọ̀ tí aṣọ lásán jẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí wọn kò bá rí roadster, wọ́n á gba coupe, ọkọ̀ onírin kékeré tí kò ní àga ẹ̀yìn. Sedan, ọkọ̀ baálé ilé àti ìyá ọlọ́mọ, ni wọ́n ń tú palẹ̀ bí àgbò iléyá kí wọ́n lè mú irin tí ó wù wọ́n lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan náà tún padà wá ń tú ilẹ̀ oko àti ààtàn kiri, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n ti sọ nù.

Ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1932 ni ilé iṣẹ́ Henry Ford fi ọkọ̀ náà han aráyé. Àsìkò náà kò rọgbọ rárá. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti ìparí ọdún 1929, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí iṣẹ́ kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn ń ṣọ́ owó ná. Chevrolet, tí ó jẹ́ orogún Ford lọ́jà, ti ń ta ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́fà láti ọdún 1929, nígbà tí Model A ti Ford ṣì wà lórí mẹ́rin. Bàbá Ford kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun tẹ̀lé orogún òun lẹ́yìn. Ó fo mẹ́fà, ó ṣe mẹ́jọ.

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò ní ẹgbẹ́ méjì bíi lẹ́tà V, tí gbogbo ayé ń pè ní V8, kì í ṣe nǹkan tuntun nígbà náà. Cadillac ti gbé tirẹ̀ jáde láti ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó ni Cadillac, ẹ́ńjìnnì V8 sì gbówó lórí nítorí pé irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rọ, tí wọ́n sì ń dè pọ̀. Ohun tí Ford ṣe ni pé ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹyọ irin kan ṣoṣo. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n bàjẹ́, wọ́n tún gbìyànjú títí ó fi bọ́ sí i. Agbára ẹṣin 65 ni ẹ́ńjìnnì náà ní, nígbà tí ti Model A kò ju 40 lọ. Roadster tí ó ní V8 jẹ́ 460 dọ́là, sedan onílẹ̀kùn méjì sì jẹ́ 500. Ẹni tí kò lè ra Cadillac láéláé ti wá lè ra V8.

Kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí ó kọ́kọ́ jáde ń mu ọ́ìlì bí ẹní mu ẹmu, wọ́n sì máa ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Bíréèkì ọkọ̀ náà jẹ́ ti ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀. Ọdún 1939 ni Ford tó gbà láti lo bíréèkì olómi. Ọkọ̀ tí ó lè sáré ni, kò kàn lè tètè dúró.

Orúkọ sedan náà ní àwàdà díẹ̀ nínú. Tudor ni Ford pe onílẹ̀kùn méjì. Orúkọ ìdílé ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni Tudor, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ọ́ kíákíá, “ilẹ̀kùn méjì” ni yóò gbọ́. Onílẹ̀kùn mẹ́rin wá di Fordor, kí orúkọ bàbá onílé iṣẹ́ má bàa sọnù nínú eré náà. Ọkọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ọkọ̀ ọjà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olè náà mọ rírì rẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù karùn-ún, ọdún 1934, nígbà tí àwọn agbófinró lúgọ de Bonnie Parker àti Clyde Barrow ní ìpínlẹ̀ Louisiana tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n, inú sedan Ford V8 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni wọ́n kú sí. Wọ́n jí i gbé ní ìlú Topeka ni. Ojú ihò ọta ṣì wà lára ọkọ̀ náà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó.

Ní àríwá ìlú Los Angeles, lẹ́yìn àwọn òkè, ni aṣálẹ̀ Mojave wà. Àwọn adágún kan wà níbẹ̀ tí omi wọn ti gbẹ tipẹ́, tí ilẹ̀ wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọ̀pọ̀ máìlì láìsí igi, láìsí òkúta. Muroc ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ó ti di ara ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú lónìí. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Kalifóníà ń gbé ọkọ̀ wọn lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sáré kí oòrùn tó mú. Nígbà tí jàm̀bá ń pọ̀ jù, tí eruku ẹni tí ó wà níwájú sì ń fọ́ ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ ní ọdún 1937 láti dá Southern California Timing Association sílẹ̀, kí òfin lè wà, kí aago sì lè máa sọ ẹni tí ó yára.

Ọgbọ́n wọn kò le. Ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ ni ó ń sáré. Nítorí náà, wọ́n á bọ́ irin tí ó bo táyà kúrò, wọ́n á yọ bọ́ńpà, wọ́n á yọ gíláàsì iwájú, wọ́n á yọ ohunkóhun tí kò bá ran eré lọ́wọ́. Roadster ni ó dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé kò ní òrùlé irin tí yóò máa fún un ní ìwúwo. Ẹlòmíràn sì tún lọ́gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vic Edelbrock, mẹkáníìkì kan ní Los Angeles, ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti epo tuntun fún ẹ́ńjìnnì V8 ti roadster rẹ̀ tí ó jẹ́ ti 1932. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1941, ọkọ̀ náà kọjá 120 máìlì ní wákàtí kan. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di èyí tí gbogbo mẹkáníìkì Amẹ́ríkà mọ̀.

Òfin pàápàá kò gba sedan. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ onírùúlé irin láti sáré lórí adágún. Ẹni tí ó bá ní coupe tàbí sedan ní láti dúró kí ó máa wòran. Lẹ́yìn ogun ni ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ń jẹ́ Russetta tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ṣùgbọ́n sedan ní nǹkan kan tí gbogbo wọn ń fẹ́: ṣáásí rẹ̀. Irin gígùn méjì tí ó di egungun ẹ̀yìn Ford 1932 lẹ́wà lọ́nà tí ti ọkọ̀ mìíràn kò fi lẹ́wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà ń fi páànù bo ṣáásí wọn bí ẹni bo ìtìjú, ṣùgbọ́n ti 1932 hàn gbangba lábẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìlà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára tí ó ń tẹ̀lé ìrísí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó tún le ju ti Model A lọ, ibi tí V8 yóò jókòó sí sì ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó bá ní roadster Model A yóò wá sedan 1932 tí ó ti gbó. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kì í wọ́n. Yóò yọ ṣáásí, yóò yọ páànù tí ó yí rédíétọ̀ ká níwájú, yóò yọ ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣì dára. Ara ọkọ̀ tí ó kù, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti àga ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ ti jókòó sí, yóò lọ sí ààtàn, tàbí kí àgbẹ̀ kan gbé e sínú oko kí adìẹ máa sùn sínú rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì tún dá kún un. Ní oṣù kejì ọdún 1942, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà dáwọ́ dúró lórí ọkọ̀ aráàlú, ìjọba sì ní kí ará ìlú kó irin àlòkù wá fún ohun ìjà. Ọkọ̀ ìdílé tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọ̀dọ́ padà dé pẹ̀lú owó díẹ̀ lápò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ lójú ogun, lára ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun. Eré wá kúrò lórí adágún, ó bọ́ sí títì. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kò ṣe dáadáa sí wọn: gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá fi ọkọ̀ gbá nǹkan ni wọ́n ń pè ní ọmọ hot rod, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tí kò sí ohun tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀. Orúkọ náà di èébú.

Láti nu èébú náà kúrò ni wọ́n ṣe ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Los Angeles ní oṣù kìíní ọdún 1948. Níbẹ̀ ni Robert Petersen, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22, ti ń ta ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Hot Rod ní ẹnu ọ̀nà, ní sẹ́ǹtì 25. Láàárín ọdún mélòó kan, ìwé ìròyìn náà ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ nípa Muroc rí. Ohun tí ó kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni pé roadster ni ọkọ̀. Nígbà tí ìpàtẹ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Oakland, tí wọ́n sì fi ife ńlá lélẹ̀ ní ọdún 1950 fún ọkọ̀ tí ó lẹ́wà jù, roadster nìkan ni ó lè gbà á. Sedan tí ó bá lẹ́wà ju oṣù lọ kò lè gba ife yẹn, nítorí ìrísí tí wọ́n fi bí i.

Ọdún 1955 ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò sí ọmọlẹ́yìn Ford tí ó fẹ́ gbọ́. Chevrolet, orogún àtijọ́, gbé V8 tirẹ̀ jáde. Ó fúyẹ́, ó kéré, agbára ẹṣin 162 sì ni èyí tí ó rọjú jù nínú rẹ̀ ní, nígbà tí V8 àtijọ́ ti Ford, tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní 1953, kò kọjá 110 ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Àyè tí ó wà láàárín rédíétọ̀ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ nínú Ford 1932 kò gùn, ẹ́ńjìnnì Chevrolet náà sì kúrú débi tí ó fi wọ ibẹ̀ bí ọmọ ilé. Chevrolet wá ń ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, débi pé kò sí ààtàn tí ènìyàn kò ti lè rí i rà. Báyìí ni ọkàn orogún ṣe wọ àyà Ford, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i. Apò wọn kì í bá wọn bínú.

Ní ọdún 1964, hot rod fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Pontiac gbé GTO jáde, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ eré kò nílò láti fi òru mẹ́fà rọ irin mọ́ nínú gáréèjì bàbá rẹ̀. Ó lè wọ ilé ìtajà, kí ó fọwọ́ sí ìwé gbèsè, kí ó sì wa eré lọ sílé. Ta ni yóò tún máa fi ọdún méjì tún ọkọ̀ 1932 ṣe kí ọkọ̀ tuntun lè fi í sílẹ̀ ní ibi tí iná títì ti tàn?

Àwọn tí kò dẹ́kun ni àwọn tí kò fẹ́ eré mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Muroc àti ti àwọn ọdún ogun ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ra ilé. Ìfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò kúrò lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n roadster aláṣọ lórí kò lè gbé ọmọ mẹ́ta àti ẹrù wọn, òjò a máa pa ìyàwó nínú rẹ̀, oòrùn a sì máa jó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, ìwé ìròyìn Rod & Custom pe irú wọn jọ sí ìlú Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois. Kò sí eré sísá níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kò ju pé kí wọ́n wa ọkọ̀ wọn débẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wo ọkọ̀ ara wọn, kí wọ́n sì wà á padà sílé. Wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ National Street Rod Association bẹ̀rẹ̀, tí ó fi ọdún 1949 ṣe ààlà, nítorí pé Ford 1949 ni ọkọ̀ tuntun pátápátá tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ogun. Ẹgbẹ́ náà tún dá ètò àyẹ̀wò ààbò sílẹ̀, kí ọkọ̀ tí bàbá kan fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe má bàa já sílẹ̀ lójú títì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Láti Peoria ni sedan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ padà. Sinimá American Graffiti, tí ó jáde ní 1973, sọ coupe 1932 di ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń fẹ́, owó rẹ̀ sì ga sókè. Roadster ti gbówó lórí tẹ́lẹ̀. Sedan nìkan ni owó òṣìṣẹ́ ṣì lè ká, òun náà ni ìdílé sì lè wọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń bú u tẹ́lẹ̀, pé ó wúwo, pé ó ga, pé àga ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ jù, ni ó wá di ìwúlò rẹ̀. Ìwúwo kò já mọ́ nǹkan fún ẹni tí kì í sáré. Àga ẹ̀yìn já mọ́ ohun gbogbo fún ẹni tí ó ní ọmọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá rí sedan nínú oko, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń jẹ jù, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pánẹ́ẹ̀bítà yóò gé gbogbo ibi tí ó ti jẹrà kúrò, yóò fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́, yóò sì lù ú títí ojú àpá kò fi ní hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni òrùlé. Òrùlé sedan 1932 kì í ṣe irin tán. Ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi igi àti aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dí, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó lè tẹ páànù ńlá bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan kò tíì wọ́pọ̀. Ọdún 1937 ni Ford tó fi irin bo òrùlé sedan rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ń ṣe street rod yóò lọ gé òrùlé ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ gígùn kan ní ààtàn, nítorí pé ìtẹ̀kọdọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti sedan, yóò sì fi iná wẹ́dà dí ihò náà. Iná náà ni ẹlẹ́rù: bí ó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, páànù yóò wọ́ bí aṣọ tí a kò lọ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan yóò sì bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ a máa fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀, níbí, lọ́hùn-ún, yóò dúró kí ó tutù, yóò tún padà.

Àwọn kan a tún gé òrùlé náà wálẹ̀. Wọ́n á gé òpó gbogbo fèrèsé ní ínǹṣì méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sọ orí ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì gé gíláàsì tuntun sí i. Òpó sedan 1932 fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan, èyí tí ó mú kí gígé rẹ̀ rọrùn ju ti àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tí òpó wọn dagun lọ. Ọkọ̀ tí ó jọ àpótí tẹ́lẹ̀ yóò wá jọ ẹni tí ó fa fìlà bo ojú. Ó lẹ́wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ga kò ní gbádùn ìrìnàjò nínú rẹ̀ mọ́, a sì lè bi onítọ̀hún léèrè ohun tí ó ń wá nínú sedan.

Nísàlẹ̀, nǹkan àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kù. Ford 1932 ní sípíríǹgì kan ṣoṣo níwájú tí ó dábùú ọkọ̀, èyí tí ó ń mú kí ó máa fò bí ewúrẹ́ lórí títì tí kò dán. Ọ̀pọ̀ ń fi ẹsẹ̀ iwájú irú ti Mustang II, ọkọ̀ kékeré tí Ford ṣe láti 1974 sí 1978, rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kò ní iyì púpọ̀ lójú àwọn olólùfẹ́ Mustang, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kéré, ó sì bá ọkọ̀ àtijọ́ mu. Iná ọkọ̀ a kúrò ní fóòtì 6, yóò di 12. Waya tuntun, jíà tuntun, ẹ̀rọ amúlétutù. Bí wọ́n bá ṣe tán, ara ìta nìkan ni Henry Ford lè dá mọ̀.

Ìjà àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ti wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Early Ford V-8 Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, gbà pé bí Ford ṣe ṣe ọkọ̀ ni kí ó wà, títí dé orí àwọ̀ àti ìdè rẹ̀. Lójú wọn, ẹni tí ó gé sedan 1932 bàjẹ́ ohun tí kò lè padà wá mọ́. Àwọn onístreet rod a dáhùn pé nínú oko ni àwọn ti rí i, pé adìẹ ni ó ń gbé inú rẹ̀, pé bí kì í bá ṣe tàwọn ni, irin àlòkù ni ìbá ti dà. Bí àgbẹ̀ bá pààrọ̀ ẹ̀rùkọ́, tí ó tún lọ rọ irin ọkọ́ tuntun, ọkọ́ bàbá rẹ̀ ni yóò ṣì máa pè é. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ wọn kò dọ́gba. Sedan tí ó jẹrà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti lọ, tí ṣáásí rẹ̀ ti wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn, kò sí ohun tí ó sọnù nígbà tí ẹnì kan gbé e dìde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Chevrolet. Irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sedan kan a jáde láti inú gáréèjì opó kan, tí aṣọ àga rẹ̀ ṣì wà, tí V8 rẹ̀ ṣì ń ké. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti la ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ kọjá, ó la ogun kọjá, ó la ọwọ́ àwọn oníroadster kọjá. Kò yẹ kí ó bọ́ sí ọwọ́ oníwẹ́dà nísinsìnyí. Àwọn àgbà inú àwọn onístreet rod fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kọ̀ láti gé irú rẹ̀.

Òfin ti bá wọn dá sí i díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fún street rod ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ọkọ̀, tí wọ́n fi ọdún tí ara ọkọ̀ jọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ohun yòówù tí ì báà wà nísàlẹ̀. Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà pàápàá fi hot rod Ford 1932 sórí sítáǹpù. Roadster ni wọ́n yàn.

Roadster 1932 kò sì wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ènìyàn lè ra ara rẹ̀ ní tuntun. Àwọn kan ń fi fáíbà ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ilé iṣẹ́ Brookville ní ìpínlẹ̀ Ohio sì ń fi irin tẹ̀ ẹ́ jáde bí ti Ford. Lẹ́bàá èyí, ara sedan tí Ford fúnra rẹ̀ tẹ̀ ní 1932 ti di ohun tí wọ́n ń rin ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Ìṣòro kan kù tí owó nìkan kò yanjú. Orí ṣáásí, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ni Ford tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ní 1932. Kò tẹ̀ ẹ́ sára ilẹ̀kùn, kò tẹ̀ ẹ́ sí òrùlé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ kan yọ ṣáásí sedan ní ọdún 1947 láti fi sí abẹ́ Model A, orúkọ ọkọ̀ náà ni ó gbé lọ. Ẹni tí ó rí ara sedan náà nínú oko lónìí yóò ra ṣáásí tuntun tí ilé iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, yóò gbé ara ọkọ̀ lé e, yóò sì lọ tọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ fún nọ́ńbà mìíràn. Egungun tí wọ́n bí i mọ́ lè ṣì wà níbì kan, lábẹ́ roadster kan tí wọ́n ti gbà ní ife, tí nọ́ńbà sedan sì wà lórí rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà.